Ta Ló Ni Tábìlì Mẹ́ta?

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ẹ má bi mí léèrè orúkọ obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí. Òun fúnra rẹ̀ ló jókòó síwájú mi, tó gbé báàgì lé itan, tó rò ó fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin láìsunkún. Ó ní kí n kọ gbogbo rẹ̀, kí n má fi nǹkan kan bò. Ó ní ó ti rẹ òun kọjá ẹni tó ń wá bí wọ́n ṣe máa gbé òun níyì.

Ilé ìkàwé ìlú ló ti ń ṣiṣẹ́. Ọdún kọkàndínlọ́gbọ̀n rèé tó ti ń lu òǹtẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé. Àwọn ọmọdé tó ń wá kàwé sọ ọ́ ní Ìyá Ìwé, kódà wọ́n fi ọ̀dà kọ ọ́ sí ara ife tíì rẹ̀. Orúkọ yẹn náà ló ń jẹ́ nídìí iṣẹ́ kejì tó ń ṣe láìgba owó.

Iṣẹ́ kejì náà nìyí. Ìwé ìmọ̀ kan wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ìwé ńlá tí kò lópin, tí gbogbo ayé ń kà lọ́fẹ̀ẹ́, tí ẹnikẹ́ni sì lè kọ nǹkan sí. Àwọn olóòtú bíi tirẹ̀ ló ń ṣọ́ ọ. Wọ́n ń tún ọ̀rọ̀ kọ, wọ́n ń yọ irọ́ kúrò, wọ́n sì ń pinnu ohun tó yẹ kó ní ojú ewé tirẹ̀ àti èyí tí kò yẹ. Wọn kì í rí ara wọn sójú. Orúkọ ìnagijẹ ni kálukú ń jẹ́.

Òfin wọn kò le. Kí iléeṣẹ́ kan tó ní ojú ewé níbẹ̀, ó kéré tán àwọn méjì tí kò bá a tan, yálà ìwé ìròyìn tàbí ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde, gbọ́dọ̀ ti jókòó sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ dáadáa. Ìpolówó kò sí nínú ẹ̀. Pé oúnjẹ wọn dùn kò sí nínú ẹ̀. Ẹni tó bá sì bá ọ̀rọ̀ kan tan, bíi tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tàbí tọkọtaya, gbọ́dọ̀ sọ ọ́ síta, kó sì fà sẹ́yìn.

Ìyá Ìwé mọ òfin yìí bó ṣe mọ ọ̀nà ilé rẹ̀. Òun gan-an ló máa ń kọ́ àwọn tuntun.

Ẹni tó kọ́ òun náà ni bàbá kan tó ń jẹ́ Ẹlẹ́rìí-Dà níbẹ̀, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Yálà bí odò kan ṣe gùn tó lo kọ o, tàbí ọdún tí wọ́n kọ́ afárá kan, ọ̀rọ̀ méjì ni bàbá yìí máa kọ sábẹ́ rẹ̀: "Ẹlẹ́rìí dà?" Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ lórúkọ nìyẹn. Ọdún mẹ́sàn-án lòun àti Ìyá Ìwé ti ń kọ̀wé síra wọn. Nígbà tí ọkọ Ìyá Ìwé kú, òun ló kọ̀wé sí i pé kó lọ sinmi fún oṣù mẹ́ta, òun á bá a ṣọ́ gbogbo ojú ewé rẹ̀. Ó sì ṣọ́ ọ lóòótọ́, kò jẹ́ kí irọ́ kan bọ́ sínú ẹ̀.

Ẹ fi bàbá yẹn sọ́kàn. A ó padà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Àbúrò Ìyá Ìwé ọkùnrin ló ni Tábìlì Mẹ́ta. Ilé oúnjẹ ni. Ẹ̀ka márùn-ún ló ní nílùú yẹn, ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé, adìẹ yíyan, àti ata inú ìgò tó máa ń wà lórí gbogbo tábìlì. Inú ilé àbúrò yìí ni Ìyá Ìwé ń gbé láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, yàrá méjì nísàlẹ̀. Kò sanwó ilé rí. Bí páìpù omi bá jò, kó tó la ẹnu ni wọ́n ti wá tún un ṣe.

Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú kan ni àbúrò sọ̀ kalẹ̀ wá bá a. Ìyá Ìwé ń lọ aṣọ. Àbúrò jókòó, ó dìde, ó tún jókòó.

"Àǹtí mi, mo fẹ́ bẹ̀ yín ní nǹkan kan."

"Kí ló dé tí o ń ṣe bí ọmọ tó fọ́ àwo? Sọ ọ́."

"Ibùdókọ̀ rélùwéè tuntun yẹn. Ààyè ilé oúnjẹ kan ṣoṣo ló wà nínú ẹ̀. Àwa mẹ́rin la kọ̀wé béèrè. Ọ̀gá wọn ní iléeṣẹ́ tí ayé mọ̀ làwọn ń wá. Ó ní òun wò wá nínú ìwé ìmọ̀ yín, òun ò rí wa."

"Ìwé ìmọ̀ wa kì í ṣe pátákó ìpolówó."

"Mo mọ̀, Àǹtí mi. Ẹ̀yin lẹ sì mọ̀ ọ́n kọ. Ẹ bá mi kọ díẹ̀. Díẹ̀ péré."

"Ọmọ ìyá mi ni ọ́. Òfin ò gbà mí láyè."

"Ta ló máa mọ̀? Ṣé orúkọ bàbá wa lẹ ń jẹ́ níbẹ̀ ni?"

Ìyá Ìwé ń lọ ọrùn ẹ̀wù kan náà lọ, ó ń lọ ọ́ bọ̀, bẹ́ẹ̀ ó ti nà tipẹ́.

Nígbà tí àbúrò dé ẹnu ọ̀nà, ó yíjú padà. "Nǹkan kan ló kù. Ẹ má dárúkọ ìyẹn o."

Kò sọ ẹni tó ń jẹ́ ìyẹn. Kò sídìí kó sọ ọ́. Ìyàwó tó ti kúrò nílé rẹ̀ lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ eléyìí kó yé yín dáadáa, torí orí ẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ náà dúró lé. Ìyàwó yẹn ló dá Tábìlì Mẹ́ta sílẹ̀. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ ṣì ń wa ọkọ̀ ẹrù kiri, obìnrin náà yà sí ilé ìkàwé lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí wọ́n ń kó tábìlì àtijọ́ dànù. Ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní mẹ́ta. Mo fẹ́ máa se oúnjẹ tà." Ìyá Ìwé ló kọ ọ́ sínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé ìkàwé, ìyàwó fọwọ́ sí i, àwọn méjèèjì sì jọ gbé tábìlì náà jáde. Igi gidi ni wọ́n fi kan wọ́n, wọ́n wúwo bí ẹ̀ṣẹ̀. Èékánná Ìyá Ìwé ya. Ẹ̀rín ni wọ́n ń rín títí dé òpópó.

Ata inú ìgò, ìyàwó ló ṣe é. Orúkọ ilé oúnjẹ náà, ìyàwó ló sọ ọ́. Ọdún mẹ́rin gbáko kọjá kí ọkọ tó fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀ wá dara pọ̀ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n orúkọ ọkọ ni wọ́n fi forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba, nígbà tí ìgbéyàwó sì dàrú, ìyàwó gbé báàgì rẹ̀, ó lọ.

Lọ́jọ́ Ajé, nígbà tí àwọn tó kù lọ jẹun ọ̀sán, Ìyá Ìwé jókòó sídìí kọ̀ǹpútà. Ó kọ́kọ́ kọ òótọ́. Ó kọ orúkọ ìyàwó, ó kọ tábìlì, ó kọ ata. Ó wò ó títí.

Ó pa á rẹ́.

Ohun tó wá kọ dípò rẹ̀ ni pé àbúrò òun nìkan ló dá ilé oúnjẹ náà sílẹ̀ nínú yàrá kan, "pẹ̀lú tábìlì mẹ́ta tó yá lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan tó ti kógbá sílé." Kò sí ilé ẹ̀kọ́ kankan níbì kankan. Ó kàn fẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà dùn ni, kó má sì sí ẹni tó máa gbọ́ tábìlì kó wá máa wo ọ̀nà ilé ìkàwé. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ló rí fi sábẹ́ rẹ̀, ìwé ọdọọdún ẹgbẹ́ àwọn onílé oúnjẹ, tó sọ̀rọ̀ nípa bí ilé oúnjẹ náà ṣe mọ́ tónítóní. Orúkọ rẹ̀ tí gbogbo olóòtú ń bọ̀wọ̀ fún ló fi gbé ojú ewé náà jáde.

Mo bi í pé, "Ṣé ọwọ́ yín ò gbọ̀n?"

Ó ní, "Kò gbọ̀n rárá. Ohun tó ń dẹ́rù bà mí títí dòní nìyẹn."

Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, ó ti fẹ́ gbàgbé. Àfi bó ṣe ṣí ìwé ìmọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó rí àmì pupa lórí ojú ewé náà. Ẹnìkan ti ní kí wọ́n yọ ọ́. Ta ni? Bàbá olùkọ́ yẹn náà ni.

Ẹlẹ́rìí-Dà kọ ọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀fẹ̀ pé, "Ìyá Ìwé, ó dà bíi pé oorun ń kùn yín nígbà tí ẹ kọ eléyìí. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni mo rí. Ìkejì dà? Ẹ má bínú sí mi o, òfin tí ẹ fi ń na àwọn ọmọ tuntun lórí náà ni."

Ọjọ́ méje ni wọ́n fi ń jiyàn lórí irú ẹ̀. Kálukú á sọ bóyá kó dúró ni tàbí kó lọ, lẹ́yìn náà olóòtú tí kò dá sí i á ṣèdájọ́.

Ẹ̀yin ará, ọ̀nà àbáyọ ṣí sílẹ̀ gbayawu níbẹ̀ yẹn. Gbólóhùn kan péré, "Bàbá, ẹ jàre, ẹ yọ ọ́," ọ̀rọ̀ ti parí. Ó ní òun tiẹ̀ ti kọ ọ́ tán. Ìgbà yẹn ni àbúrò kan ilẹ̀kùn.

"Àǹtí mi, kí ni mo rí yìí? Wọ́n fẹ́ yọ wá! Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ lọ̀gá rélùwéè fẹ́ mú ẹni tó máa mú!"

"Farabalẹ̀."

"Ẹ ò ní jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́, àbí? Mi ò bẹ̀ yín ní nǹkan kan rí, Àǹtí mi. Láti gbogbo ọdún yìí wá, mi ò bẹ̀ yín rí."

Òótọ́ ló sọ. Ìyá Ìwé pa ohun tó kọ rẹ́.

Ní ọjọ́ kẹta àríyànjiyàn náà, ó ń fi ìwé ìròyìn ọjọ́ náà kọ́ sórí ọ̀pá nínú yàrá ìkàwé, bó ṣe máa ń ṣe láràárọ̀, ló bá rí ilẹ̀kùn aláwọ̀ ewé nínú àwòrán. Ojú ewé odindi! "Láti orí tábìlì mẹ́ta dé ẹ̀ka márùn-ún." Inú rẹ̀ dùn, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo nínú ilé ìkàwé. Ẹlẹ́rìí kejì ti dé!

Ó bá bẹ̀rẹ̀ sí kà á. Nígbà tó dé ìdajì, ó bá gbólóhùn kan pàdé.

"Pẹ̀lú tábìlì mẹ́ta tó yá lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ kan tó ti kógbá sílé."

Akọ̀ròyìn náà ti lọ ka ìwé ìmọ̀, ó sì ti da ohun tó bá níbẹ̀ kọ. Irọ́ tí Ìyá Ìwé fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa ló padà wá kí i láàárọ̀, tó ti wọ aṣọ ìwé ìròyìn.

Ó mọ ohun tí wọ́n ń pe irú ẹ̀ láàárín àwọn olóòtú. Ó mọ̀ pé kò sí ìwà tó burú tó o nínú iṣẹ́ wọn, kí èèyàn fi ohùn ara rẹ̀ ṣe ẹlẹ́rìí ara rẹ̀. Òun gan-an ti lé èèyàn méjì jáde nítorí ẹ̀.

Ó jókòó. Ó mu omi. Ó wá gbé ìwé ìròyìn náà, ó fi í sábẹ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó kọ ọ́ pé: "Ẹlẹ́rìí kejì rèé o."

Àwọn olóòtú yòókù bẹ̀rẹ̀ sí dá sí i. "Ó tó." "Kó dúró." "Ìyá Ìwé ò ní kọ ohun tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀." Ó ní èyí tó kẹ́yìn yẹn gún òun bí abẹ́rẹ́.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Ẹlẹ́rìí-Dà dé. Kò ṣẹ̀fẹ̀ mọ́.

"Ìyá Ìwé, mo ti ka ìwé ìròyìn náà lẹ́ẹ̀mẹta. Ọjọ́ mẹ́rìndínlógún lẹ́yìn ojú ewé yín ló jáde. Gbólóhùn kan náà ló wà nínú àwọn méjèèjì, kò yàtọ̀ rárá. Ta ló da ti ta kọ? Ilé ẹ̀kọ́ wo ló yá wọn ní tábìlì? Mo kàn ń béèrè ni."

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ bá mi mí kanlẹ̀, torí ibí gan-an ni ohùn obìnrin náà ti yí padà nígbà tó ń sọ ọ́ fún mi. Ó ní ká ní òun parọ́ fún bàbá náà ni, kò ní burú tó bẹ́ẹ̀. Ohun tí òun ṣe burú jù ú lọ.

Ó kọ ọ́ síwájú gbogbo wọn pé: "Ó pẹ́ tí mo ti ń rí i pé inú bàbá yìí kì í dùn bí iléeṣẹ́ kékeré bá ń gòkè. Ìgbà gbogbo ni tiwọn máa ń ní àléébù lójú rẹ̀. Bóyá ọjọ́ orí ló fà á. Ó yẹ kí àwọn àgbà mọ ìgbà tó yẹ kí wọ́n jókòó."

Wọ́n gbè é lẹ́yìn. Ẹ mọ bí èèyàn ṣe máa ń ṣe bí ẹni iyì kan bá ti sọ òkò àkọ́kọ́. Àwọn tí bàbá náà ti yọ ojú ewé wọn rí dé, wọ́n da gbogbo ẹ̀dùn ọkàn wọn lé e lórí. Ìyá Ìwé ń wò wọ́n. Kò sọ pé ó tó.

Lọ́jọ́ kejì, bàbá náà kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀: "Ó dáa. Mo ti gbọ́. Mo lọ jókòó." Láti ọjọ́ yẹn, kò wá síbẹ̀ mọ́.

Ojú ewé náà dúró. Àbúrò rí ààyè rélùwéè gbà. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ wá dì mọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ń fò sókè bí ọmọdé. "Àǹtí mi, ẹ ti ṣe é! Ẹ ti ṣe é!" Ìyá Ìwé ní òun kàn ń wo orí rẹ̀ tó ti ń hewú, òun ń rò ó lọ́kàn pé bí inú òun náà bá lè dùn díẹ̀, ì bá dáa.

Inú rẹ̀ ò dùn. Ó rẹ̀ ẹ́ ni. Fún oṣù mẹ́rin, ó ń jí, ó ń lu òǹtẹ̀, ó ń to ìwé, bí ẹni tó ń ru ẹrù tí kò rí ibi sọ̀ ọ́ sí. Kò kọ ọ̀rọ̀ kan sínú ìwé ìmọ̀ láàárín ìgbà yẹn.

Ó wá di àárọ̀ ọjọ́rú kan, ilé ìkàwé dákẹ́, fáànù ń yí. Ó gbọ́ tí ẹnìkan ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Àǹtí."

Ìyàwó ni. Ó wọ bàtà tuntun, ó fi fáìlì kan há abíyá. Ó tẹ orúnkún díẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe nígbà tó ṣì wà nílé wọn.

"Ìyàwó mi! Ojú rẹ rèé?"

"Èmi rèé, Àǹtí. Ẹ má bínú pé mi ò yọjú láti ọjọ́ yìí. Mo ní ẹjọ́ kan tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi dá sí."

Ó fa àga, ó jókòó. Ilé ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ oúnjẹ sísè ló ń wá olùkọ́, ó sì ti kọ̀wé. Ó sọ fún ọ̀gá àgbà wọn pé òun lòun dá Tábìlì Mẹ́ta sílẹ̀. Ọ̀gá àgbà náà, obìnrin bíi tirẹ̀, yọ fóònù níwájú rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, ó kà á.

"Àǹtí, ó ka ìwé ìmọ̀ yẹn sí mi létí. Ó ní ọkùnrin ló dá a sílẹ̀. Ó ní ilé ẹ̀kọ́ kan ló yá a ní tábìlì. Ó wá dá fáìlì mi padà fún mi. Ká ní ó bínú ni, ǹ bá bá a jà. Ó ń ṣàánú mi ni! Ó ń wò mí bí ẹni tí orí ẹ̀ ò pé."

Ìyá Ìwé gbé òǹtẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

"Mo bá ní kí n wá bá yín. Ẹ̀yin lẹ mọ̀wé. Ẹ bá mi wá ẹni tó kọ irọ́ yìí jáde. Ẹ̀yin lẹ gbé tábìlì yẹn fún mi, kò sí ẹlòmíì níbẹ̀. Bí ẹ bá sọ ọ́, wọ́n á gbà."

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ kọ̀ǹpútà. Kí ni Ìyá Ìwé fẹ́ ṣe? Ó ṣí ojú ewé náà.

"Kò sí ibi tí wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó kọ ọ́ sí ni?"

"Ó… Ìnagijẹ ni wọ́n máa ń jẹ́."

"Bó jẹ́ ìnagijẹ náà ńkọ́. Kí ni wọ́n kọ síbí yìí, 'Ìtàn ojú ewé'? Ẹ tẹ ibẹ̀."

Ìyá Ìwé tẹ ibẹ̀. Ó ní òun ò mọ ìdí tí òun fi tẹ̀ ẹ́. Bóyá ó ti sú òun láti máa sá ni.

Ìyàwó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà, ó ń kà á díẹ̀díẹ̀. "Ẹni tó dá ojú ewé yìí sílẹ̀: Ìyá… Ìwé."

Ó gbójú sókè. Ife tíì wà níwájú wọn lórí tábìlì, ọ̀dà pupa, ìkọ̀wé ọmọdé. Ó wo ife náà. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà. Ó tún wo ife náà.

"Ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni."

Fáànù ń yí. Ẹnìkan ṣí ìwé lẹ́yìn wọn.

"Àbúrò yín ni mo rò pé ó ṣe é," ni ìyàwó wí, ohùn rẹ̀ kò sì ga. "Mo ti múra ìjà sílẹ̀ fún un. Mi ò múra fún yín."

"Ìyàwó mi, jẹ́ kí n…"

"Èékánná yín ya lọ́jọ́ yẹn, Àǹtí. Èmi ni mo so ó fún yín."

Ó gbé fáìlì rẹ̀, ó lọ. Kò fi ìbínú ti ilẹ̀kùn. Ó rọra pa á dé, torí ilé ìkàwé ni.

Ìyá Ìwé jókòó síbẹ̀ títí omi tó wà lójú rẹ̀ fi gbẹ fúnra rẹ̀. Ó wá pe àbúrò rẹ̀ lórí fóònù, ó sọ ohun tó fẹ́ ṣe fún un.

"Àǹtí mi, ẹ fẹ́ bà mí jẹ́ ni?"

"Mo ti bà á jẹ́ ná. Mo fẹ́ tún un ṣe ni."

"Tí ẹ bá ṣe é," ni àbúrò wí, "ibo lẹ máa wá máa gbé?"

Ìyá Ìwé ní bóyá àbúrò òun kò ní in lọ́kàn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti sọ ọ́, òun náà sì ti gbọ́ ọ.

Ó wọ yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ń kó àwọn ìwé àkọsílẹ̀ àtijọ́ sí. Eruku bò ó dé orí. Ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi rí èyí tó ń wá. Ó wà níbẹ̀ kedere: tábìlì ìkàwé mẹ́ta, ẹsẹ̀ ọ̀kan ń mì. Orúkọ ẹni tó kó wọn. Ọjọ́. Ìfọwọ́sí. Ìkọ̀wé Ìyá Ìwé fúnra rẹ̀ ni, ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń já gaara.

Ó padà sídìí kọ̀ǹpútà, ó kọ ọ́ síwájú gbogbo wọn.

"Èmi Ìyá Ìwé, ẹ̀gbọ́n ẹni tó ni Tábìlì Mẹ́ta ni mí. Mo fi pa mọ́ fún yín. Irọ́ ni ọ̀rọ̀ ilé ẹ̀kọ́ tó yá wọn ní tábìlì, èmi ni mo pa á, ọ̀dọ̀ mi ni ìwé ìròyìn ti rí i kọ. Ìyàwó àbúrò mi ló dá ilé oúnjẹ náà sílẹ̀." Ó kọ orúkọ rẹ̀ ní kíkún. "Ẹlẹ́rìí-Dà béèrè ohun tó tọ́, mo sì fi ọjọ́ orí rẹ̀ bú u. Ẹ yọ ojú ewé náà. Ẹ yọ èmi náà."

Ẹ̀yin tí ẹ bá mọ bí èèyàn ṣe máa ń ṣe á ti mọ ohun tó tẹ̀ lé e. Àwọn tó gbè é lẹ́yìn lọ́jọ́sí ló kọ́kọ́ bú u. Ó ka gbogbo rẹ̀. Kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn.

Ní ọjọ́ kẹta, ọ̀rọ̀ méjì péré yọ sábẹ́ ohun tó kọ.

"Ẹlẹ́rìí dà?"

Ó ní òun pariwo ẹkún nínú ilé ìkàwé, àwọn tó ń kàwé yíjú wò òun. Bàbá náà ti dé! Ó fi ọwọ́ tó ń gbọ̀n ya àwòrán ìwé àkọsílẹ̀ náà, ó fi í síbẹ̀, ó sì kọ ọ́ pé: "Èmi ni, Bàbá. Mo wà níbẹ̀."

Bàbá náà fèsì. "Ẹ mọ̀ pé òfin wa kì í gba irú ẹlẹ́rìí yìí."

"Mo mọ̀."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Mo ní kí wọ́n yọ ọ́. Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá Ìwé."

Wọ́n yọ ojú ewé náà. Wọ́n gba àṣẹ olóòtú lọ́wọ́ Ìyá Ìwé, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìmọ̀ yẹn, wọn kì í pa ojú ewé àríyànjiyàn rẹ́ láé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àti orúkọ ìyàwó ní kíkún. Ó tẹ̀ ẹ́ sórí bébà, ó fi ẹ̀dà ìwé àkọsílẹ̀ tì í, ó sì fi ẹsẹ̀ ara rẹ̀ gbé e lọ bá ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ṣẹ́ oúnjẹ sísè. Ó dúró níwájú tábìlì obìnrin náà, ó sọ ohun tó ṣe. Ó ní kò sí ibi tí ìtìjú ò dé lára òun lọ́jọ́ náà.

Yàrá kan ló ń gbé báyìí, lókè ṣọ́ọ̀bù ẹni tó ń rán bàtà. Àbúrò rẹ̀ ń kí i lórí fóònù lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìkíni ráńpẹ́. Ibùdókọ̀ rélùwéè kò gba ààyè náà lọ́wọ́ rẹ̀ o. Ọ̀gá wọn ò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ti yọ ojú ewé kankan. Kò padà wò ó mọ́ láti ọjọ́ náà. Ìyá Ìwé rẹ́rìn-ín nígbà tó sọ èyí fún mi, ẹ̀rín ẹni tó ti rẹ̀ dé egungun.

Mo bi í léèrè ohun tó fẹ́ kí n sọ fún yín. Ó ní kí n sọ pé kò sí ẹni tó fi ipá mú òun. Ó ní bí ẹ bá ti ń wá ìdí tí òótọ́ kan kò fi pọn dandan, kí ẹ gbé ọwọ́ kúrò níbẹ̀, kí ẹ lọ mu omi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, ìyàwó wọ ilé ìkàwé. Wọ́n ti gbà á síṣẹ́, ó fẹ́ máa yá ìwé fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀. Kò tẹ orúnkún. Kò pe ẹnikẹ́ni ní Àǹtí. Ó kàn dúró níwájú tábìlì.

"Ẹ káàárọ̀. Mo fẹ́ gba káàdì."

Ìyá Ìwé fa káàdì tuntun kan jáde. Bí wọ́n ṣe ń béèrè lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn náà ló ṣe béèrè, torí pé iṣẹ́ ni.

"Orúkọ?"

Ìyàwó wo bírò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó sọ orúkọ náà, ti àbísọ àti ti bàbá rẹ̀, ó sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ kọ ọ́ dáadáa lọ́tẹ̀ yìí," ló wí.

Ìyá Ìwé tẹrí ba, ó sì kọ ọ́.